Bíréèkì Ọwọ́ Lórí Òkè Ìgbájọ

Ọ̀rọ̀ tí a gbé kalẹ̀ lórí ètò yìí lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ inú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì lójú ẹlòmíràn, kí ó sì máa bi ara rẹ̀ pé kí ló kan olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti wa ọkọ̀ gun òkè dé Ìgbájọ rí, tí ó sì ti wá ibi títẹ́jú tí yóò gbé ọkọ̀ náà sí, kò ní béèrè bẹ́ẹ̀.

Ìgbájọ wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Bólúwadúró, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1991. Ìlú orí òkè ni. Láàárín àwọn òkè agbègbè náà ni wọ́n ti ja ogun Kírìjì, tí àwọn ará Ìbàdàn pàgọ́ sí apá Ìgbájọ, tí Èkìtìparapọ̀ sì pàgọ́ sí apá Ìmẹ̀sí. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886, Ìgbájọ wà lára àwọn ìlú tí ìwé náà dárúkọ pé abẹ́ Ìbàdàn ni wọn yóò wà. Òkè tí ó dá odindi ọmọ ogun dúró fún ọdún púpọ̀ kò jẹ́ ṣàánú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan. Ọ̀pọ̀ ojúlé ni ọ̀nà iwájú wọn jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ibi tí bọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé bá sì ti bọ́ sílẹ̀, ìsàlẹ̀ ni wọn yóò ti lọ wá a.

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo olùkọ́ kan ní irú ìlú bẹ́ẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ Volkswagen tí àwa Yorùbá sọ ní Ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó ṣe rìbìtì, ọ̀kan nínú èyí tí wọ́n tò ní ilé iṣẹ́ Volkswagen ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó, ibi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1975. Kò sí Ìjàpá tuntun mọ́ níbi kankan láyé. Èyí tí ó kẹ́yìn jáde ní ìlú Puebla, ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò, ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2003, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe iye tí ó lé ní mílíọ̀nù 21. Ẹni tí ó bá ní ọ̀kan, títún un ṣe ló kù fún un. Olùkọ́ yìí mọ èyí dáadáa, ó sì ń tọ́jú ẹ́ńjìnì ọkọ̀ rẹ̀ bí ẹní ń tọ́jú ẹyin. Ṣùgbọ́n bíréèkì ọwọ́ kò jámọ́ nǹkan lójú rẹ̀. Nígbà tí ó kọ́kọ́ ń rẹ̀, ó ní kí wọ́n fún nọ́ọ̀tì rẹ̀. Ó tún rẹ̀, wọ́n tún fún un. Nígbà tí kò gbà mọ́, ó wá òkúta kan tí ó mú létí, ó sì ń gbé e sẹ́yìn táyà nígbàkígbà tí ó bá dúró. Bí ọdún kan ṣe rékọjá nìyẹn.

Ẹ má ṣe rò pé olùkọ́ náà ya aláìbìkítà ju ẹlòmíràn lọ. Láyé bọ́lẹ̀kájà, ọmọ ọkọ̀ a máa gbé igi onígun mẹ́ta kan lọ́wọ́, bí lọ́rì bá sì ti fẹ́ dúró lórí òkè ni yóò ti bẹ́ sílẹ̀, tí yóò fi igi náà wẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Iṣẹ́ gidi ni, ẹ̀mí èrò púpọ̀ ló sì wà lọ́wọ́ ọmọ náà. Àṣà yẹn ni òkúta olùkọ́ ti wá. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ọmọ ọkọ̀ ń dúró ti igi rẹ̀, òkúta olùkọ́ kò ní ẹ̀ṣọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó gbé ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé, ó fi òkúta wẹ́ ẹ, ó wọlé lọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan ń wá òkúta tí yóò fi pa èkùrọ́. Òkúta tí ó mú létí, tí ó sì gba ọwọ́ dáadáa, kì í pọ̀ lọ́nà. Ó rí ti abẹ́ táyà, ó fà á yọ. Ọkọ̀ kọ́kọ́ dúró díẹ̀, bí ẹni pé ó ń rò ó, lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ sẹ́yìn. Ọmọbìnrin kan tí ó jókòó sí ìsàlẹ̀, tí ó ń fọ síléètì rẹ̀, gbọ́ igbe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì fò kúrò. Síléètì ni ọkọ̀ gùn mọ́lẹ̀. Òkìtì iyanrìn tí wọ́n kó kalẹ̀ fún iṣẹ́ ilé ló dá ọkọ̀ náà dúró.

Ẹ jẹ́ kí a dá ìtàn dúró níbẹ̀ kí a sì ṣe ìṣirò díẹ̀. Ìjàpá òfìfo wọn nǹkan bí 800 kìlógíráàmù. Bí ilẹ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀ ní mítà 1 láàárín mítà 10, agbára tí ń fa ọkọ̀ náà sísàlẹ̀ tó ti ẹrù 80 kìlógíráàmù, àní ẹrù tí alágbára ọkùnrin kan lè gbé dìde tí ó bá mí kanlẹ̀. Agbára yìí kì í sinmi. Ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá fi wà níbẹ̀, lóru àti lọ́sàn-án, ni ó ń fà á. Ohun tí ó bá dí i lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ lágbára bákan náà láìsinmi.

Kí wá ni bíréèkì ọwọ́ fi ń ṣe é? Àwọn àgbà tí ó fi ọ̀rọ̀ ìjánu pe bíréèkì nínú ìwé wọn kò ṣìnà. Gẹ́gẹ́ bí okùn ìjánu ti so ọwọ́ ẹlẹ́ṣin mọ́ ẹnu ẹṣin, bẹ́ẹ̀ ni wáyà so ọwọ́ awakọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀. Bíréèkì ẹsẹ̀ yàtọ̀. Epo tí ó wà nínú páìpù ni ẹsẹ̀ ń tì, bí epo bá sì jò, bíréèkì ẹsẹ̀ lè kú. Wáyà kò bá epo dá nǹkan pọ̀ rárá. Nítorí náà, bíréèkì ọwọ́ kì í ṣe fún ìdúró nìkan. Òun ni ìrètí awakọ̀ tí ó tẹ ẹsẹ̀ tí kò bá nǹkan kan pàdé. Ẹni tí ó bá fi òkúta pààrọ̀ rẹ̀ kò lè ju òkúta náà síwájú táyà nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré bọ̀ láti orí òkè.

Ẹni tí ó ti gun kẹ̀kẹ́ mọ irú wáyà yìí, bí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kì í bá ṣe èyí tí ó ń lo ọ̀pá irin fún bíréèkì. Wáyà tí ó ń rìn nínú àkọ̀ ni, bí idà nínú àkọ̀. Ọkùnrin ará ìlú òyìnbó kan, Ernest Bowden, ló gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní ọdún 1896. Àṣírí rẹ̀ ni pé àkọ̀ dúró gbọn-in, wáyà ń rìn láàárín rẹ̀, èyí ló jẹ́ kí fífà lè gba kọ́ńkọ̀ kọjá láìsọ agbára rẹ̀ nù. Nínú Ìjàpá, wáyà méjì ni. Orí àwọn méjèèjì wà ní ìdí ọ̀pá tí ó wà láàárín ìjókòó iwájú méjèèjì, tí a fi nọ́ọ̀tì dè. Láti ibẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba inú páìpù irin lábẹ́ ọkọ̀ lọ sẹ́yìn, ó jáde nínú àkọ̀ tirẹ̀, ọ̀kan lọ sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, èkejì sí ẹsẹ̀ òsì. Nínú dírọ́ọ̀mù ni ó ti fi ìkọ́ kọ́ irin kan tí ń ti ṣúù méjì síta, kí wọ́n lè di dírọ́ọ̀mù mú.

Wàyí o, omi ni ọ̀tá wáyà. Rọ́bà tí ó bo ẹnu àkọ̀ a máa gbó, a máa ya. Òjò àti ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà a wọlé, gírísì a ṣàn lọ, ìpẹtà a sì gba ibẹ̀. Wáyà tí wọ́n ń fà lójoojúmọ́ lè pẹ́. Èyí tí a fi sílẹ̀ láìfà ló máa ń lẹ̀ mọ́ àkọ̀. Olùkọ́ tí ó pa bíréèkì ọwọ́ tì nítorí pé ó rẹ̀, ìpatì náà gan-an ló parí ohun tí ó kù níbẹ̀.

Ní ọjọ́ tí ọkọ̀ yí yìí, ó wà á lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ ilé ìwé rẹ̀ àtijọ́ ni mẹkáníìkì náà, ẹni tí kò ṣe dáadáa nínú ìṣirò nígbà yẹn, tí bàbá rẹ̀ sì mú un lọ kọ́ṣẹ́ títí ó fi gba fírídọ̀ọ̀mù.

“Ẹ káàbọ̀, sà. Ṣé kò sí o?”

“Bíréèkì ọwọ́ ni. Ọmọ aláìgbọ́ràn kan ló gbé òkúta mi. Yóò fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn lọ́la. Bá mi fún un.”

Mẹkáníìkì wọ inú ọkọ̀, ó ṣí rọ́bà ìdí ọ̀pá, ó wò ó. “Ẹ ti fún un dé òpin, sà. Kò sí òrin tí nọ́ọ̀tì yóò tún gùn mọ́. Ẹ jẹ́ kí a tú u.”

Ó ní kí ọmọ iṣẹ́ òun wa ọkọ̀ sórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ó fi igi wẹ́ ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì níwájú àti lẹ́yìn, kí ó sì tú ọ̀pá bíréèkì sílẹ̀. Kí wọ́n tó fi jáàkì gbé ọkọ̀, ó kọ́kọ́ fa pínnì yọ, ó sì tú nọ́ọ̀tì ńlá tí ó wà ní àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, èyí tí ó ń gba sípánà 36. Ìdí rẹ̀ kò le. Nọ́ọ̀tì yìí le jù láti tú nígbà tí ọkọ̀ bá wà lókè. Fífún rẹ̀ tó ìgbà tí a bá gbé ẹrù 30 kìlógíráàmù kọ́ orí páìpù tí ó gùn ní mítà 1, títú rẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀ a sì máa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ń fi irú agbára bẹ́ẹ̀ ti ọkọ̀ tí ó wà lórí jáàkì ń pe ọkọ̀ lé ara rẹ̀ lórí. Nígbà tí wọ́n gbé e sókè, wọ́n fi irin ìdúró sábẹ́ rẹ̀. Jáàkì nìkan kì í ṣe ohun tí ọmọ ènìyàn ń sùn sábẹ́.

Dírọ́ọ̀mù jáde. Ọmọ iṣẹ́ fẹ́ fi ẹnu fẹ́ eruku inú rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ sì gbá a lọ́wọ́, ó ní kí ó bu omi wọ́n ọn, kí ó fi àkísà nù ún. Ṣúù ọkọ̀ àtijọ́ a máa ní ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì nínú, eruku rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ lọ́nà tí kì í hàn títí ọ̀pọ̀ ọdún yóò fi kọjá. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ inú ṣọ́ọ̀bù kò gbọ́ èyí rí, ó sì yẹ kí olùkọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì máa mẹ́nu bà á fún àwọn tí yóò kúrò ní kíláàsì lọ kọ́ṣẹ́.

Wọ́n tú nọ́ọ̀tì wáyà níwájú, wọ́n yọ ìkọ́ rẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n sì fa wáyà jáde láti ẹ̀yìn. Ti òsì kò yọ nínú àkọ̀ rẹ̀. Ìpẹtà ti sọ méjèèjì di ọ̀kan. Ti ọ̀tún yọ ní ìlàjì méjì. Mẹkáníìkì tẹ́ àkísà funfun kan sórí bẹ́ńṣì, ó kó wọn lé e.

“Ẹ wo ojú ibi tí ó ti já, sà.”

Olùkọ́ wò ó. Wáyà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe irin kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ fọ́nrán tín-ín-rín ni a lọ́ pọ̀. Fọ́nrán tí ó bá já lónìí yóò máa dán ní ojú ibi tí ó ti já. Nínú gbogbo fọ́nrán wọ̀nyí, kò sí ọ̀kan tí ó dán. Gbogbo wọn ti pọ́n.

“Kì í ṣe àná ló já,” ni mẹkáníìkì wí.

Ọmọ ilé ìwé àtijọ́ kì í béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀ pé kí ló dé tí kò fi tètè wá. Ó dákẹ́, ó ń nu ọwọ́. Olùkọ́ náà dákẹ́. Nígbà tí yóò tún sọ̀rọ̀, kò dárúkọ ọmọ aláìgbọ́ràn mọ́. Ó béèrè pé ṣé wọn kò lè jó wáyà náà pọ̀, kí owó rẹ̀ lè mọ níwọ̀n.

Èsì ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Iná tí a fi ń jó irin a máa sọ fọ́nrán tín-ín-rín di ẹlẹgẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ ojú ibi tí a ti jó o. Ibẹ̀ ni yóò sì ti já nígbà tí a bá nílò rẹ̀ jù. Bí a bá ta á ní kókó, kókó kò ní gba inú páìpù kọjá. Wáyà tuntun ni àtúnṣe rẹ̀, méjèèjì ni a sì gbọ́dọ̀ pààrọ̀ papọ̀, nítorí pé ògbólógbòó tí ó ti nà kò ní fà dọ́gba pẹ̀lú tuntun. Wọ́n ránṣẹ́ sí ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Gate, n'Íbàdàn. Mẹkáníìkì náà kò fi ẹnu lásán ránṣẹ́. Ó fi wáyà àtijọ́ rán ẹni tí ó ń lọ, nítorí pé gígùn wáyà Ìjàpá kò rí bákan náà ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi ṣe é, wáyà tí ó sì gùn jù tàbí tí ó kúrú jù kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ó dé, wọ́n fi gírísì pa á láti orí dé ìdí, wọ́n tì í wọ inú páìpù láti ẹ̀yìn, ọmọ iṣẹ́ sì jókòó sínú ọkọ̀ láti gba orí rẹ̀ ní ìdí ọ̀pá. Wọ́n kọ́ ìkọ́, wọ́n dá ṣúù àti dírọ́ọ̀mù padà. Ibi tí ó kàn yìí ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti ń ṣe àṣìṣe, ibẹ̀ náà sì ni àṣìṣe olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún tí ó kọjá. Wọ́n a máa sáré lọ fún nọ́ọ̀tì wáyà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó máa ń mú bíréèkì ọwọ́ rẹ̀ ní àkọ́kọ́, láyà ṣúù tí ó jẹ ni, tí àlàfo rẹ̀ sí dírọ́ọ̀mù fi pọ̀ sí i. Bí a bá fi wáyà dí àlàfo yẹn, àìsàn ni a fi aṣọ bò. Wáyà yóò máa gba agbára tí kì í ṣe tirẹ̀, títí yóò fi já. Ara ṣúù ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́jú. Mẹkáníìkì fi sukudiráfà gba inú ihò kékeré yí irin oníràwọ̀ tí ń ti ṣúù síta, ó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ lọ́wọ́ títí ó fi há, ó sì dá a padà ní eyín mélòó kan kí ẹsẹ̀ lè yí fàlàlà. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ sí ṣúù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Lẹ́yìn èyí ni ó tó padà sí ìdí ọ̀pá. Ó fà á sókè: kẹ́, kẹ́, eyín méjì. Ó ki sukudiráfà bọ ojú ilà tí ó wà lórí wáyà kí wáyà má bàa lọ́, ó sì ń fi sípánà fún nọ́ọ̀tì rẹ̀, ọ̀tún díẹ̀, òsì díẹ̀, títí tí ẹsẹ̀ méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀ sí í há dọ́gba. Ó fà á dé eyín mẹ́rin. Kò sí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ yí ẹsẹ̀ náà mọ́. Ó tú u sílẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì yí láìkan nǹkan. Bí wọn kò bá yí bẹ́ẹ̀, bíréèkì yóò máa mú lójú ọ̀nà, dírọ́ọ̀mù yóò gbóná, epo ọkọ̀ yóò sì máa ṣòfò. Ó fi nọ́ọ̀tì kejì ti ìkíní pa.

Orí òkè ni wọ́n ti dán an wò. Ó kọ imú ọkọ̀ sókè, ó fa ọ̀pá, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì. Ọkọ̀ dúró. Ó yí i padà, ó kọ imú rẹ̀ sísàlẹ̀, èyí tí ó nira jù nítorí pé ìwọ̀n ọkọ̀ ń lọ síwájú, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sì ń fúyẹ́. Ó tún dúró. Síbẹ̀, ó sọ fún olùkọ́ pé bí ó bá gbé ọkọ̀ sí orí òkè, kí ó fi jíà kìíní sílẹ̀ bí imú bá kọ sókè, kí ó sì fi jíà ẹ̀yìn sílẹ̀ bí imú bá kọ sísàlẹ̀, kí ó sì yí táyà iwájú sí ọ̀nà tí ọkọ̀, bí ó bá tilẹ̀ yí, yóò fi kọ lu ìgbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí ó ń wọlé báyìí, bọ́tìnnì ni awakọ̀ ń tẹ̀, tí mọ́tò kékeré ń fa bíréèkì náà. Irú èyí kò fún awakọ̀ ní àǹfààní láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ti ń rẹ̀. Ọ̀pá Ìjàpá a máa sọ̀rọ̀. Eyín márùn-ún, eyín mẹ́fà, eyín mẹ́jọ: ẹni tí ó bá ń kà á yóò mọ̀ kí ó tó bàjẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ tí ó gbé òkúta ti wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Wọ́n ti sọ fún un. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú kí olùkọ́ tó sọ ohunkóhun.

Olùkọ́ béèrè ibi tí òkúta náà wà. Ọmọ náà ní ó wà lábẹ́ igi máńgòrò, òun kò tíì pa èkùrọ́ òun tán. Olùkọ́ ní kí ó máa lọ parí rẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ ọjà pé, ó ra síléètì tuntun fún ọmọbìnrin tí ti rẹ̀ fọ́, kò sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pá náà dé eyín márùn-ún kí ó tó di ọkọ̀ mú. Wáyà tuntun a máa nà bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ wa ọkọ̀ padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ náà gan-an, mẹkáníìkì sì fún nọ́ọ̀tì méjèèjì díẹ̀, láìgba owó.